Ọjọ́ ìpín-ẹ̀bùn Pírámárì Kẹfà: àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan ni, àbí gbogbo ọmọ tó ń jáde?

Ìyá Ìbejì Òyìngbò

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ òbí àti olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Sáà kẹta ti ń parí lọ, oṣù Keje yìí la fẹ́ ṣe ọjọ́ ìpín-ẹ̀bùn, ọjọ́ náà la ó sì fi dágbére fún àwọn ọmọ Pírámárì Kẹfà. Ìpàdé tá a ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà. Àwọn kan ní ká ṣe é bá a ṣe ń ṣe é bọ̀: kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ẹni kìíní, ẹni kejì, ẹni kẹta, ká pàtẹ́wọ́, ká jẹun, ká túká. Àwọn kan ní rárá, gbogbo ọmọ tó ń jáde ló yẹ kó gbọ́ orúkọ ara ẹ̀ lórí máìkì, kó bọ́ síwájú, kó gba nǹkan lọ́wọ́, ì báà jẹ́ ìwé àkọsílẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ gáùn àti fìlà onígun mẹ́rin tún wọlé, ni owó bá di ohun tá à ń pariwo lé lórí.

Ibi tí mo dúró sí kò fara sin. Mo fẹ́ ká pe gbogbo wọn. Ọmọ tó ti ń bọ̀ láti Pírámárì Kìíní, tó gbálẹ̀, tó tu koríko, tó kọrin ní gbàgede láràárọ̀, kò yẹ kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ tó ń lọ kó máa wo ẹni mẹ́ta. Ohun tí mi ò mọ̀ ni bá a ṣe máa ṣe é tí ilẹ̀ ò fi ní ṣú mọ́ wa, tí òjò oṣù Keje ò sì ní ká wa mọ́ abẹ́ kánópí. Àwọn tó ń jáde lé ní ọgọ́rin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí i.

Bàbá Àgbà Yábàá

Ìyá Ìbejì, ẹ kú akitiyan. Ọlọ́run á jẹ́ ká jèrè àwọn ọmọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tá à ń tìtorí ẹ̀ ṣayẹyẹ. Láyé àwọn bàbá wa, ẹni tó bá ka ìwé mẹ́fà, ó ti kàwé nìyẹn. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n sì fi ń ka ìwé mẹ́fà ọ̀hún ní Ìwọ̀-Oòrùn, torí ọmọ á kọ́kọ́ lo ọdún méjì ní kíláàsì àwọn ìpẹ́ẹ̀rẹ̀ kó tó bọ́ sí Sítáńdààdì Kìíní. Ìjọba Awólọ́wọ̀ ló dín in kù sí ọdún mẹ́fà nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 17 oṣù Kìíní, 1955. Abẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni Èkó wà nígbà yẹn, ọdún 1957 ni tiwa tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gba ìwé-ẹ̀rí Sítáńdààdì Kẹfà lè di akọ̀wé lọ́fíìsì, ó lè di tíṣà. Ọjọ́ ìpín-ẹ̀bùn ayé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ọmọ ló jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìwé kíkà wọn parí sí lóòótọ́.

Tòní ò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tí wọ́n ṣe lọ́dún 2004 sọ pé ọdún 9 ni ẹ̀tọ́ ọmọ: mẹ́fà ní pírámárì, mẹ́ta ní sẹ́kọ́ńdìrì kékeré. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì di dandan fún òbí kó jẹ́ kí ọmọ ẹ̀ ṣe é parí. Òbí tó bá kọ̀, ó rú òfin. Ọmọ Pírámárì Kẹfà kò tíì parí. Ìdí tí mi ò fi fẹ́ gáùn nìyẹn. Gáùn ń sọ fún ọmọ àti fún ìyá ẹ̀ pé ó ti tán, bẹ́ẹ̀ ó ṣì ku ọdún mẹ́ta gbáko. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ yunifọ́ọ̀mù wọn kó mọ́ tónítóní, kí wọ́n lọ̀ ọ́, kí wọ́n wọ̀ ọ́ wá.

Ní ti pípe gbogbo ọmọ, mo wà lẹ́yìn yín gbágbáágbá.

Dádì Ṣùúrùlérè

Ẹ má dá ọ̀rọ̀ gáùn lóhùn rárá. Ilé-ìwé aládàáni tí ọmọ mi àkọ́kọ́ lọ (mi ò ní dárúkọ wọn) gba owó gáùn, owó fọ́tò, owó ìwé ìrántí, owó oúnjẹ, gbogbo ẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọmọ tí òbí ẹ̀ ò bá san, ẹ̀yìn ni wọ́n ní kó lọ jókòó, láàárín àwọn ọmọ Pírámárì Karùn-ún.

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀. Wọ́n ti dirun fún un dáadáa, ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀ funfun báláú. Ó ti jókòó tì ọ̀rẹ́ ẹ̀ kí tíṣà kan tó wá ní kó dìde, pé àga àwọn tó wọ gáùn ni. Ó mú báàgì ẹ̀, ó dìde, kò sọ nǹkan kan. Ìyá ẹ̀ wà lókèèrè, ó ń tún gèlè ẹ̀ wé bí ẹni pé kò rí i. Èmi àti bàbá méjì mìíràn lọ bá àwọn alákòóso, wọ́n ní ìlànà ilé-ìwé ni. Bẹ́ẹ̀ gáùn ọ̀hún, ayálò ni. Wọ́n bọ́ ọ lọ́rùn àwọn ọmọ ká tó jáde ní géètì.

Ilé-ìwé ìjọba ló kù tí ọmọ ẹni tó ní àti ọmọ ẹni tí ò ní ti ń wọ aṣọ kan náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Tíṣà Kẹfà Mùṣín

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin òbí. Pírámárì Kẹfà ni mò ń kọ́, ó ti pẹ́ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bá a ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa, kẹ́ ẹ mú èyí tó bá wúlò níbẹ̀.

Ọgọ́rin orúkọ kì í jẹ àkókò. Ohun tó ń jẹ àkókò ni ọ̀rọ̀ àwọn àgbà: alága ọjọ́, alága ẹgbẹ́, aṣojú kánsẹ́lọ̀, bàbá ìsàlẹ̀, ìyá ìsàlẹ̀, kálukú á gba máìkì pé òun ò ní pẹ́. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo wọn. Bí àwọn ọmọ bá ti tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle ní márùn-ún márùn-ún, tí tíṣà kan ń pè, tí tíṣà kejì ń na ẹ̀bùn sí ọ̀gá ilé-ìwé lọ́wọ́, ìṣẹ́jú kan á kó ọmọ méjì. Ẹ ò ní lò tó wákàtí kan.

Àmọ́ orúkọ nìkan kọ́ là ń pè. Gbólóhùn kan máa ń tẹ̀ lé orúkọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà kẹta ni mo ti ń kọ ọ́ sínú ìwé kan, ojú ewé kan fún ọmọ kan. Mi ò kọ "ọmọ dáadáa ni", torí ìyẹn ò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo fojú rí ni mò ń kọ. Ọmọ kan wà tó jẹ́ pé òun ló ń ka ohun tí mo bá kọ sójú pátákó sétí ẹni tó jókòó tì í, torí ìyẹn ò ríran jìnnà. Òmíràn ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ kíláàsì, òjò ì báà máa rọ̀, òun la máa bá lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọkùnrin kan wà tí ìṣirò ò yé títí a fi parí, ṣùgbọ́n bí ìjà bá bẹ́ ní gbàgede, òun ni wọ́n ń sáré lọ pè kí wọ́n tó pe tíṣà. Lọ́jọ́ tí mo ka tiẹ̀ jáde, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó ń ṣe mẹkáníìkì ní Ládípọ̀ dìde lórí àga, ó ní, "Bó ṣe ń ṣe nílé náà nìyẹn!" Gbogbo èèyàn yíjú wo ọmọ náà. Ó nà ró, ó gba ìwé ẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá, ó tún yí padà wá bọ̀ mí lọ́wọ́. Kò gba ipò kankan rí láti Pírámárì Kìíní.

Ohun kejì ló ká mi lára jù, òun ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi gbé lọ sí ìpàdé yín. Àárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án ni ọmọ ń sọnù mọ́ wa lọ́wọ́. Wọ́n á ṣe ìdánwò àtiwọ sẹ́kọ́ńdìrì, orúkọ wọn á jáde, ilé-ìwé tí wọ́n pín wọn sí á wà lórí ìwé gbangba, wọn ò sì ní débẹ̀. Ìyá kan ò rówó yunifọ́ọ̀mù tuntun. Bàbá kan ti bá aránṣọ sọ ọ́, ọmọ ti di ọmọṣẹ́. Òmíràn lọ sí abúlé fún ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, kò bọ̀ mọ́. Ká tó gbọ́, ọdún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Ẹ wò ó, ọjọ́ ìdágbére lọ́jọ́ tí òbí tó pọ̀ jù ń wá sílé-ìwé láìjẹ́ pé a ránṣẹ́ ẹjọ́ sí wọn. Ẹ lo ọjọ́ náà. Ẹ gbé tábìlì kan sẹ́nu ọ̀nà tàbí sínú kíláàsì tó ṣófo, kí tíṣà kan jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú rẹ́jísítà. Kí òbí kọ̀ọ̀kan tó kúrò, kó kọ nọ́ńbà fóònù tó ń lọ, ti ara ẹ̀ àti ti aládùúgbò kan, kó sọ ilé-ìwé tí ọmọ ń lọ, kó sì sọ ohun tó lè dí i lọ́wọ́. Ìyá ò ní sọ ọ́ láàárín èrò, ṣùgbọ́n bó bá ku òun àti tíṣà, á sọ ọ́. Bí wọ́n bá ti wọlé ní oṣù Kẹsàn-án, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pe nọ́ńbà wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ẹ ò bá rí, ẹ lọ bá a nílé.

Mọ́mì Bàrígà

Tíṣà, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti gba ọ̀rọ̀ tábìlì yẹn sílẹ̀ fún ilé-ìwé tiwa náà.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ̀yin àgbà, ẹ máà bínú, mo fẹ́ tako yín níbì kan. Kí gbogbo ọmọ gba nǹkan dáa létí, àmọ́ kí la máa wá fún ọmọ tó ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru? Àbúrò mi obìnrin ń bá màmá wa ta ata ní Jankárà bó bá ti ilé-ìwé dé. Ìgbà tí wọ́n bá palẹ̀ ata mọ́ tán ló ń ṣíwèé, iná kékeré tá a máa ń sá sóòrùn lọ́sàn-án ló sì fi ń kà á. Ó gbé ipò kìíní. Ọjọ́ tí wọ́n pè é jáde, tí gbogbo gbàgede hó yèè, ọjọ́ yẹn gan-an ni màmá wa sọ pé ó gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò ìjọba àpapọ̀, kó gbìyànjú Queen's College. Màmá wa ò mọ̀wé kà, ẹ jọ̀ọ́. Ariwo yẹn ló sọ fún wọn ohun tí rípọ́ọ̀tù káàdì ò lè sọ.

Tí wọ́n bá ti pe ọgọ́rin ọmọ ṣáájú ẹ̀, tí kálukú gba ẹ̀bùn, ṣé màmá wa á mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀? Àwọn ọmọ alára mọ ìyàtọ̀. Bá a bá ń fún gbogbo èèyàn, wọ́n á mọ̀ pé à kàn ń pín in kiri ni.

Ìyá Ìbejì Òyìngbò

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ohun tí alága wa sọ nípàdé gan-an lẹ sọ yìí, àmọ́ ẹ sọ ọ́ débi tó yé mi. Mi ò fẹ́ kí ọmọ bí àbúrò yín pàdánù ariwo ẹ̀. Tíṣà, ẹ gbà wá nímọ̀ràn.

Tíṣà Kẹfà Mùṣín

Àbúrò, òótọ́ lo sọ, mo sì bá ọ yọ̀ nítorí ọmọ yẹn. Kò sẹ́ni tó ní ká pa ẹ̀bùn ipò rẹ́. Ọ̀nà méjì ni ká pín ètò náà sí, kí ọ̀kan má gbé èkejì mì.

Ìpín-ẹ̀bùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe, láti Pírámárì Kìíní dé Ìkẹfà. Àwọn tó gba ipò nìkan ló ń jáde níbẹ̀, ẹ̀bùn wọn sì gbọ́dọ̀ ní làákàyè. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fún ẹni kìíní ní báfù àti kúlà. Ìyá ọmọ ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn yẹn, wọn ò fún ọmọ. Ẹ fún un ní ohun tó máa lò ní JSS1: ìwé atúmọ̀ èdè, páálí ohun èlò ìṣirò tó ní kọ́ńpáàsì nínú, báàgì tó nípọn. Yàtọ̀ sí ipò, ẹ fún ẹni tó mọ ìṣirò jù, ẹni tó mọ Yorùbá kà jù, ẹni tí kò pa ilé-ìwé jẹ, àti ẹni tó ti ìsàlẹ̀ kíláàsì gòkè láàárín sáà kìíní sí ìkẹta. Ẹ̀bùn ìkẹyìn yìí ni èmi fi ń mú ọ̀pọ̀ ọmọ dání, torí ẹni tó wà nípò 30 mọ̀ pé òun ò lè dé ipò kìíní lọ́dún kan, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òun lè kúrò níbi tóun wà.

Ẹ wá simi díẹ̀, kí àwọn ọmọ jó, kí wọ́n kéwì. Ìgbà náà ni ìdágbére kàn. Ti ìdágbére, ẹ̀bùn kọ́ là ń fúnni, ìwé-ẹ̀rí pé ọmọ wà pẹ̀lú wa ni, àti gbólóhùn yẹn, àti ilé-ìwé tó ń lọ. Ẹ kéde ẹni tó bá wọ King's College tàbí Queen's College, kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, torí ilé-ìwé tó ti wà láti 1909 àti láti 1927 kì í ṣe ohun tá à ń fojú kéré. Ohùn tẹ́ ẹ bá sì fi kéde ìyẹn, òun náà ni kẹ́ ẹ fi kéde ọmọ tó ń lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì ìjọba tó wà lẹ́yìn ilé wọn.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Bó bá rí báyìí, mo fara mọ́ ọn. Ẹ ṣeun, Tíṣà.

Alhájà Òkè Pópó

Àlàáfíà fún yín o. Ìdí oúnjẹ lèmi máa ń wà níbi ayẹyẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ tibẹ̀.

Ike funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń pè ní styrofoam, tá a fi ń bu ráìsì tẹ́lẹ̀, ìjọba Èkó ti fòfin dè é láti oṣù Kìíní 2024. Bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ rí ẹni tó ṣì ń tà á lábẹ́lẹ̀, ẹ má rà á. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú abọ́ onídérí àti ṣíbí wá láti ilé, kí wọ́n fi máákà kọ orúkọ sí ìdí abọ́. Ó dín owó kù, gbàgede kì í sì í dọ̀tí. Ẹyin ni kẹ́ ẹ fi sí ráìsì, ẹ má fi ẹran sí i. Ẹran máa ń tóbi jura lọ, ibẹ̀ ni ìkùnsínú ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹyin kan fún ọmọ kan, ẹ ti mọ iye tẹ́ ẹ máa rà.

Ọ̀rọ̀ owó níná náà ń kọ́? Ní kété tí àwọn ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ ijó, àwọn òbí á dìde, wọ́n á máa lẹ owó mọ́ wọn níwájú. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 lòdì sí i: ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì pọ̀. Lọ́dún 2024 a rí àwọn gbajúmọ̀ tí wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́ lórí ẹ̀. Ká tiẹ̀ ní kò sófin, ọmọ tí kò ní ẹbí níbẹ̀ ló ń dùn mí. Ẹgbẹ́ ẹ̀ ń ṣa owó nílẹ̀, òun ń jó lásán, kó tó ṣe díẹ̀ á dẹ́kun ijó. Ẹ gbé àpótí kan síwájú. Ẹni tí ọwọ́ ń yún kó fi sínú àpótí. Owó tó bá wọlé, ẹ fi ra sáńdàlì àti yunifọ́ọ̀mù fún àwọn ọmọ tí òbí wọn bá sọ̀rọ̀ níbi tábìlì Tíṣà. Èmi á kọ́kọ́ fi tèmi sí i, Inṣa Allah. Ẹ ránṣẹ́ sí mi lábẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ sọ ọjọ́ tó bọ́ sí.

Mọ́mì Bàrígà

Ní ti ọjọ́, ẹ wò Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni ìmọ́tótó ọjà l'Ékòó, ọjà kì í ṣí títí di aago mẹ́wàá. Bẹ́ ẹ bá fi í sí Fúráìdè bí gbogbo ilé-ìwé ṣe ń ṣe, àwọn ìyá tó ń tajà ní Òyìngbò ò ní lè fi ìsọ̀ sílẹ̀, torí ìparí ọ̀sẹ̀ ni ọjà ń yá. Bẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́jọ Ọjọ́bọ̀, tẹ́ ẹ fi ìdágbére ṣáájú, ìyá á rí ọmọ ẹ̀ lórí pèpéle kó tó lọ ṣí ìsọ̀. Ipò lè wá tẹ̀ lé e. Mo mọ̀ pé ó yàtọ̀ sí bí Tíṣà ṣe tò ó, àmọ́ ọmọ tí orúkọ ẹ̀ dún tí ìyá ẹ̀ ò sí níbẹ̀, ìdajì ni inú ẹ̀ máa dùn mọ.

Ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò lè wá fún ńkọ́? Àwọn kan ń gbé lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, tí wọ́n ń bá wọn ṣiṣẹ́ ilé. Ẹ ti mọ̀ wọ́n. Ẹ yan òbí kan fún ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, kó mọ̀ pé òun ló máa bá a dúró tí wọ́n bá ń ya fọ́tò.

Tíṣà Kẹfà Mùṣín

Mọ́mì Bàrígà, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi. Ìdágbére ṣáájú.

Ìyá Ìbejì Òyìngbò

Ọjọ́bọ̀ ti wọ̀ mí lọ́kàn. Ìbéèrè kékeré kan: tíṣà kan ní kí àwọn ọmọ ṣe Ẹ̀yọ̀ lórí pèpéle, wọ́n ti ń wá aṣọ funfun. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rora. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ Èkó ló mú tíṣà náà dá a lábàá, mo sì mọ̀ pé àwọn ilé-ìwé kan ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ilé Ẹ̀yọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní àṣẹ tiẹ̀ àti àwọ̀ àkẹtẹ̀ tiẹ̀, a kì í kàn rán aṣọ lé ọmọ lórí. Ẹ sì rántí pé Ẹ̀yọ̀ kò fẹ́ bàtà, kò fẹ́ irun ṣùkù. Ọjọ́ ayẹyẹ ilé-ìwé gan-an ni ìyá gbogbo ń di ṣùkù fún ọmọbìnrin wọn! Àwọn ọmọ tiwa ní Erékùṣù mọ èèwọ̀ wọ̀nyí, ẹ̀rù á ba àwọn kan nínú wọn. Bó bá wu tíṣà náà dandan, kó lọ rí àwọn àgbà adúgbò. Bí kò bá ráyè, bàtá tàbí sákárà ò ní já a kulẹ̀.

Bàbá Àgbà Yábàá

Mo fara mọ́ ohun tọ́mọ yìí sọ. Mo fẹ́ fi kan kún un. Láti 2018 ni òfin ti wà nípìnlẹ̀ Èkó pé kí gbogbo ilé-ìwé, ti ìjọba àti ti aládàáni, máa kọ́ èdè Yorùbá. Síbẹ̀, ẹ lọ síbi ìpín-ẹ̀bùn, Gẹ̀ẹ́sì ni láti òkè délẹ̀, ìyá tó wá láti ọjà á kàn máa pàtẹ́wọ́ bí ẹlòmíràn bá pàtẹ́. Gbólóhùn tí Tíṣà ní kí wọ́n sọ nípa ọmọ kọ̀ọ̀kan, Yorùbá ni kẹ́ ẹ fi sọ ọ́ fún ọmọ Yorùbá. Kí bàbá àti ìyá gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ọmọ wọn ní gbọọrọ gbọọrọ.

Mo ṣì fẹ́ sọ ti gbàgede yín. Kí Jákàńdè tó di gómìnà ní 1979, àwọn ọmọ kan ń lọ láàárọ̀, àwọn kan ń lọ lọ́sàn-án, torí kíláàsì ò kárí. Àwọn aláàárọ̀ ò mọ àwọn ọlọ́sàn-án, wọn ò lè dágbére fún ara wọn. Ó kọ́ kíláàsì káàkiri Èkó, ó sì fòpin sí ìyẹn kó tó kúrò ní 1983. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ilé-ìwé, láti Pírámárì Kìíní, jókòó wo àwọn ẹ̀gbọ́n wọn bí wọ́n ṣe ń lọ. Ẹ má ní kí àwọn kéékèèké dúró sílé nítorí àga.

Òǹtẹ̀wé Ṣómólú

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ìwé-ẹ̀rí lèmi ń tẹ̀ ní Ṣómólú, ẹ jẹ́ kí n tètè kìlọ̀. Oṣù Keje, gbogbo ilé-ìwé Èkó ló ń já lé wa lórí. Ẹni tó bá gbé iṣẹ́ wá ní ọ̀sẹ̀ ìparí sáà, ìkánjú la máa fi ṣe é, orúkọ ni ìkánjú sì máa ń bàjẹ́. Ẹ má fi fóònù ya àwòrán rẹ́jísítà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tẹ orúkọ náà jáde, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri kíláàsì, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá wo tiẹ̀, kó fọwọ́ sí i.

Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ni ilé-ìwé yín, àwọn ọmọ Ẹ̀gùn á wà níbẹ̀, àwọn Ígbò, àwọn Haúsá. Kí tíṣà tó máa pe orúkọ lórí máìkì jókòó ti ọmọ bẹ́ẹ̀, kí ọmọ náà pe orúkọ ara ẹ̀ fún un. Mo wà níbi ayẹyẹ kan tí wọ́n pe orúkọ ọmọ Ẹ̀gùn kan lọ́nà òdì, àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, ọmọ náà ò sì dìde, torí kò mọ̀ pé òun ni.

Ìyá Ìbejì, bẹ́ ẹ bá pèsè bébà, èmi á tẹ̀ ẹ́ láìgba owó iṣẹ́. Ọmọ ilé-ìwé ìjọba lèmi náà.

Ìyá Ìbejì Òyìngbò

Ọlọ́run á san án fún yín, Òǹtẹ̀wé. Omi bọ́ lójú mi.

A ti parí ìpàdé, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ibi tó já sí. Ọjọ́bọ̀ ni, aago mẹ́jọ àárọ̀. Kò sí gáùn. Gbogbo ọmọ tó ń jáde la máa pè, pẹ̀lú gbólóhùn, ìpín-ẹ̀bùn á tẹ̀ lé e, àti ẹ̀bùn fún ẹni tó gòkè jù. Alága wa ló kọ́kọ́ dìde gbà á nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó àti èsì Tíṣà sí wọn létí. Bàtá la máa lù. Tábìlì á wà ní kíláàsì Pírámárì Kejì, ọ̀gá ilé-ìwé ní òun fúnra òun máa jókòó síbẹ̀. Alhájà, àpótí yín ti wà ní kíkùn, ọ̀dà búlúù ni wọ́n fi kùn ún. A ò gba owó kankan lọ́wọ́ òbí. Àwọn tó lágbára láàárín wa ló dá a. Ti òjò nìkan ló kù, a ti ní bó bá ṣú, inú gbọ̀ngàn la máa wọ̀, bó tiẹ̀ há.

Ohun kan ló ṣì ń dà wá láàmú. Ọmọ kan wà tí tíṣà ẹ̀ ní òun ò rí gbólóhùn kankan kọ sí. Ó ń sá jáde, ó ń bá wọn jà, ó ti fọ́ fèrèsé. Tíṣà náà ò fẹ́ parọ́ lójú gbogbo èèyàn, kò sì fẹ́ pe orúkọ ẹ̀ kó dákẹ́. Kí la máa ṣe?

Tíṣà Kẹfà Mùṣín

Kó má parọ́. Ẹ jẹ́ kó bi àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ibi tí ojú mi ò bá ti tó, wọ́n ti rí i. Kó pe mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó bi wọ́n pé, "Kí ni lágbájá ti ṣe fún ẹ rí?" Kó má bi wọ́n bóyá ọmọ dáadáa ni. Kó sì lọ wo ibi tó ń sá lọ bó bá sá jáde. Ọmọ kan tí mo kọ́, ó ń sá jáde láago méjìlá lójoojúmọ́, mo lù ú títí. Àbúrò ẹ̀ tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ló ń lọ fún lóúnjẹ nílé.

Ìyá Ìbejì Òyìngbò

Mo ti pe tíṣà ọmọ náà. Àwọn ọmọ mẹ́ta ló sọ ohun kan náà fún un: nígbà tí àgbàrá kún ojú ọ̀nà lóṣù Kẹfà, òun ló gbé àwọn ọmọ Pírámárì Kìíní kọjá gọ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pọ̀n wọ́n ni, títí tó fi tán. Kò sí tíṣà kankan tó wà lẹ́nu géètì nígbà yẹn. Tíṣà ẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ó tún ní òun fẹ́ bá ìyá ẹ̀ sọ̀rọ̀ níbi tábìlì ṣáájú ẹnikẹ́ni, torí a gbọ́ pé wọ́n fẹ́ mú un lọ síbi iṣẹ́ wẹ́dà.

Alhájà Òkè Pópó

Ẹ má jẹ́ kó lọ síbẹ̀ o. Yunifọ́ọ̀mù tiẹ̀ àti bàtà, èmi ni mo máa rà á. Ẹ wọn ẹsẹ̀ ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Òǹtẹ̀wé Ṣómólú

Orúkọ tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ ti dé, mo ti tò wọ́n. Méje ló kù tí kò sẹ́ni tó fọwọ́ sí, ti ọmọ yìí wà lára wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó lọ́la kẹ́ ẹ tó jáde nílé-ìwé, ọjọ́ Ajé ni mò ń gbé e sórí ẹ̀rọ.